Èrè àti Àdánù Àtúnlò Ohun Èlò ní Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àtúnlò láti orí ìlú Festac fúnra rẹ̀. Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ ọ láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, a fi ìbò pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a kọ́ fún àlejò oṣù kan ṣe di ilé ìran méjì-mẹ́ta.

Ọdún 1977 yìí kan náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá Ìgbìmọ̀ Ìpalẹ̀mọ́ Pàǹtí sílẹ̀, èyí tí ó di LAWMA ní 1991. Orúkọ àkọ́kọ́ náà sọ èrò ìgbà náà fún wa: pàǹtí jẹ́ ohun tí a ń kó dànù.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti mọ àtúnlò tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, a ṣì ń yọ irin láti inú òkúta ní agbègbè Ọ̀yọ́. Nígbà tí irin òkèèrè pọ̀ lọ́jà, àwọn alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlòkù irin rọ ọkọ́ àti àdá. Igi tí à bá sun di èédú dín kù. Ìmọ̀ àwọn ayọ́rin sì pa rẹ́. Tibi tire la dá ilé ayé.

Lónìí, bí mo bá dúró ní òpópónà kan ní Festac, kì í pẹ́ tí ẹni tí ń ti ọmọlańké yóò fi kọjá, tí yóò máa ké pé òun ń ra irin, agolo àti bátìrì àlòkù. Èrè iṣẹ́ yìí pọ̀. Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin jẹ́ ilẹ̀ àbàtà àti ọ̀sà. Ike tí a bá kó kúrò nílẹ̀ kò ní dí ojú àgbàrá. Yíyọ́ agolo alumíníọ̀mù àlòkù kò gba ju nǹkan bí 5 nínú 100 agbára tí a fi ń ṣe tuntun. Ilé iṣẹ́ Wecyclers, tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, sì ti fi hàn pé ìdílé lè rí èrè gbà lórí ike tí wọ́n bá kó jọ.

Ti bátìrì ọkọ̀ ni ó ń bà mí lẹ́rù. Òjé ni ó wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Thiaroye-sur-Mer, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé 18 kú láàárín ọdún 2007 sí 2008 níbi tí a ti ń tú bátìrì àlòkù. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àyẹ̀wò tí a gbé jáde ní 2025 fi òjé hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé nítòsí ilé ìyọ́-bátìrì.

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí: èrè àtúnlò máa ń tàn ká, ṣùgbọ́n ojúlé àwọn díẹ̀ ni àdánù rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ẹni tó ta bátìrì níhìn-ín ti gbàgbé rẹ̀ kí eéfín rẹ̀ tó dé ìlú ẹlòmíràn. N kò ní kí a dá àtúnlò dúró. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí owó ààbò ẹni tí ń yọ́ àlòkù, àti ti ọmọ aládùúgbò rẹ̀, wà nínú iye tí a ń dá lé e. Bí a kò bá san án lówó, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò fi ẹ̀jẹ̀ san án.