Stella Thomas: Obìnrin Tó Kọ́kọ́ Jókòó Sórí Àga Ìdájọ́ ní Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń mú ọmọ dání wá síbi àpéjọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ń mú ọmọ-ọmọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í gbádùn ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ àti ìbò ìgbìmọ̀ tó máa ń kún ìwé wa. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtàn yìí fún wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣáà bá wọn kà á sókè. Bí ẹ̀yin náà bá rí nǹkan he níbẹ̀, èrè yín nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́bí. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí adájọ́ ń ṣe? Bí Táyé bá sọ pé Kẹ́hìndé ló jẹ ẹran òun, tí Màmá sì na Kẹ́hìndé lójú ẹsẹ̀ láìbi í léèrè ọ̀rọ̀, ṣé ìyẹn dáa? Kò dáa rárá. Bóyá ológbò ló jẹ ẹran náà! Àwọn àgbà ní: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ ni ẹni tí ìjọba fi sípò pé kó gbọ́ ti Táyé, kó gbọ́ ti Kẹ́hìndé, kó tó sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ di òwe yẹn mú dáadáa, a óò tún bá a pàdé níwájú.

Ní ọdún 1906, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní Èkó. Stella Jane Thomas ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Peter John Claudius Thomas, jẹ́ oníṣòwò ńlá, ọmọ Yorùbá tó ti Sierra Leone wá. Sàró ni àwọn ará Èkó ń pe irú wọn. Kí ló gbé Yorùbá dé Sierra Leone? Láyé òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀pọ̀ èèyàn wa sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí ìlú Freetown. Nígbà tó yá, púpọ̀ nínú wọn àti àwọn ọmọ wọn padà sílé. Freetown yìí náà ni wọ́n rán Stella lọ kàwé, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Annie Walsh Memorial School.

Nígbà tó dàgbà, ó ní òun fẹ́ di lọ́yà. Ó wá kọjá sí ìlú òyìnbó, ó wọ Middle Temple ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn lọ́yà. Ọ̀nà yẹn kò rọrùn o. Láti 1879 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti di lọ́yà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin ló ń tẹ̀lé ọkùnrin. Kó tó di 1919, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí obìnrin ṣe lọ́yà, ì báà jẹ́ òyìnbó funfun. Ọdún 1922 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin àkọ́kọ́ wọlé. Ní 1933, ó kan Stella. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà wọ ẹgbẹ́ lọ́yà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti 1879 sí 1933, ọdún mélòó ni? Ọdún 54.

Ìwé nìkan kọ́ ni Stella dojú kọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà nínú WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó sì wà lára àwọn tó bá Dókítà Harold Moody, ọmọ Jàmáíkà, dá ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní 1931.

Ní 1934, obìnrin òyìnbó kan, Margery Perham, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Royal Society of Arts nípa bí òyìnbó ṣe ń ṣèjọba ní Áfíríkà. Ètò tí Lord Lugard gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń jíròrò lé lórí. Ẹ̀yin tó ti dé kíláàsì ńlá mọ Lugard: òun ló so àríwá àti gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní 1914. Nínú ètò rẹ̀, òyìnbó á pàṣẹ, ọba ìlú á sì mú àṣẹ náà ṣẹ. Èèyàn ńlá ni Lugard, ẹnu kì í ṣàdédé gbà á. Ṣùgbọ́n Stella sọ̀rọ̀. Ó bẹnu àtẹ́ lu Lugard àti ètò rẹ̀. Òun nìkan ni obìnrin Áfíríkà tó dá sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀.

Ẹ rántí òwe wa. Bí àwọn kan bá jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń ṣètò ayé àwọn ará Áfíríkà, tí ohùn ará Áfíríkà kò sì tó nǹkan láàárín wọn, kí ni wọ́n ń ṣe? Ẹjọ́ ẹnìkan ni wọ́n ń gbọ́ dá.

Stella padà sí Èkó, ó ń ṣe lọ́yà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1943, lásìkò ogun Hitler, tí àbúrò rẹ̀ Peter wà lára àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba fi Stella ṣe májísíréètì. Kò sí obìnrin tó jẹ ẹ́ rí ní Nàìjíríà.

Kóòtù májísíréètì ni ẹjọ́ mẹ̀kúnnù sábà máa ń kọ́kọ́ dé: ìjà, èébú, olè jíjà. Ẹ wo ìyálọ́jà kan tí ọlọ́pàá mú wá. Ọkùnrin ni ọlọ́pàá, ọkùnrin ni akọ̀wé, ọkùnrin ni lọ́yà, ọkùnrin ni adájọ́. Ní 1943, ìyálọ́jà lè gbójú sókè kó rí obìnrin bíi tirẹ̀ lórí àga. Obìnrin tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn rẹ̀ o, torí adájọ́ tó bá ń ṣègbè ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í tún ṣe ọkùnrin nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ nílẹ̀ yìí mọ́.

Ní 1944, ó fẹ́ Richard Bright Marke ní Freetown. Ó kú ní 1974.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ yín díẹ̀. Lẹ́yìn 1943, ọdún 26 kọjá kí obìnrin tó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà. Modupe Omo-Eboh ni, ní 1969, ní ìpínlẹ̀ Mid-West àtijọ́. Ó tún gba ọdún 43 kí Aloma Mukhtar, ọmọ Kánò, tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ní 2012. Kudirat Kekere-Ekun di ẹlẹ́ẹ̀kejì ní 2024. Ilẹ̀kùn tí ẹnìkan ṣí kì í dá ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹlòmíì máa tì í.

Ọ̀dọ̀ wa ni títì yẹn wà. Bàbá Stella ní ọmọkùnrin nílé, síbẹ̀ ó rán ọmọbìnrin lọ síwájú. Ẹ rántí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń gba ipò kìíní mọ́ wa lọ́wọ́ ní kíláàsì, tí a kò rí mọ́ nígbà tí owó ilé-ìwé há, torí ti ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ san. A ò mọ èwo nínú wọn ì bá ti di adájọ́. Bí owó bá tún há nílé tiwa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọmọbìnrin náà ká tó dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ó tó báyìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta yìí:

1. Ọdún wo ni Stella Thomas di májísíréètì?
2. Kí ni ìtumọ̀ Sàró?
3. Bí ìwọ bá jẹ́ adájọ́, kí ló dé tí o kò fi ní dájọ́ lẹ́yìn tí o bá gbọ́ tẹnu ẹnìkan ṣoṣo?

Ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ fún un ní ẹran tirẹ̀. Kí ológbò má sì débẹ̀ o!