Ògbufọ̀ Láàárín Òfin Àtijọ́ àti Bátìrì Kékeré: Ìtàn Ṣíìpù RS-232 Nínú Ẹ̀rọ Alágbèéká

Ìfáárà

Nínú ìtàn ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó ti di àṣà láti máa to àwọn ohun tuntun lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń to orúkọ ọba: èyí jẹ, ó wàjà, òmíràn sì gorí oyè. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ a máa dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n èrò wa nínú pépà yìí ni pé kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìtàn ṣíìpù kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ògbufọ̀. Ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà tí ń fi iná kékeré ṣiṣẹ́, ó sì ń sọ ọ́ sí èdè wáyà tí òfin RS-232 là sílẹ̀. Bí èsì bá dé, yóò tún un sọ padà. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé kì í ṣe agbára òfin náà fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó rọrùn láti lò nínú ẹ̀rọ alágbèéká. Ògbufọ̀ yìí ni ó gba ìnira òfin náà rù, tí ó sì kọ́ láti máa jẹ ìwọ̀nba nínú bátìrì.

Òfin Tí Kò Fi Ti Bátìrì Ṣe

Ní ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní Amẹ́ríkà, Electronic Industries Association, kọ́kọ́ gbé òfin RS-232 jáde. Àtúnṣe rẹ̀ tí ó gbilẹ̀ jù lọ, RS-232-C, jáde ní ọdún 1969. Ìsopọ̀ tí òfin náà wà fún ni èyí tí ó wà láàárín kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ìhà kan, àti módẹ̀mù tí ń gbé ọ̀rọ̀ gba ojú wáyà tẹlifóònù ní ìhà kejì. Àwọn àmì ń tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí wáyà kan ṣoṣo. Láti fi irú àmì kan hàn, ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé iná wáyà sí fóltì 5 ó kéré tán, kí ó má sì ju 15 lọ, ní òkè òdo. Láti fi irú kejì hàn, yóò gbé e sí ìwọ̀n kan náà ní ìsàlẹ̀ òdo. Ẹni tí ń gbà á ń ka ohunkóhun tí ó bá ti kọjá fóltì 3 ní ìhà méjèèjì. Ohun tí ó bá wà ní àárín kò ní ìtumọ̀.

Ọgbọ́n wà nínú àlàfo gbígbòòrò yìí. Wáyà gígùn a máa kó ariwo iná láti àyíká rẹ̀, àlàfo náà ni kò sì jẹ́ kí ariwo náà da ọ̀rọ̀ rú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí òfin náà wà fún jẹ́ ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ ń ti ara ògiri wá. Bátìrì kò sí nínú ìṣirò.

Láti àárín àwọn ọdún 1960, ẹbí ṣíìpù 7400 ti Texas Instruments bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, fóltì 5 ní òkè òdo nìkan ni wọ́n sì ń lò. Báyìí ni èdè inú ẹ̀rọ àti èdè ìta ṣe yàtọ̀ sí ara wọn, tí a sì nílò ògbufọ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lókìkí nínú iṣẹ́ yìí ni ṣíìpù méjì láti ọwọ́ Motorola: MC1488 tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, àti MC1489 tí ń gbà á. Ìnira ibẹ̀ ni pé MC1488 kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí a bá fún un ní iná ọ̀tọ̀ méjì, tí ó sábà máa ń jẹ́ fóltì 12 ní òkè òdo àti 12 ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lórí tábìlì, èyí kì í ṣe ìṣòro. Àpótí iná inú kọ̀ǹpútà IBM PC ti ọdún 1981 ń pèsè méjèèjì.

Ìnira Ẹ̀rọ Alágbèéká

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí kọ̀ǹpútà kúrò lórí tábìlì. Ní ọdún 1983, Radio Shack bẹ̀rẹ̀ sí í ta TRS-80 Model 100, tí ilé-iṣẹ́ Kyocera ní Japan ṣe. Bátìrì AA mẹ́rin, irú èyí tí à ń kì bọ inú tọ́ọ̀ṣì, ni ó ń gbé e ṣiṣẹ́, ó sì ní ojú ìsopọ̀ RS-232. Ó yẹ kí a fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn, nítorí ó kọ̀ fún wa láti sọ àsọdùn: iṣẹ́ náà ṣe é ṣe ṣáájú ṣíìpù tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é nígbà náà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀nà ọ̀tọ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀ láti máa pèsè iná ìsàlẹ̀ òdo, èyí tí bátìrì mẹ́rin tí a tò tẹ̀lé ara wọn kò lè fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìnáwó ni, ó sì ń gba àyè.

Ṣíìpù Ọdún 1987

Jack Gifford, tí ó ti ṣe olórí ilé-iṣẹ́ Intersil tẹ́lẹ̀, wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Maxim sílẹ̀ ní California ní ọdún 1983. Ní ọdún 1987, Maxim gbé MAX232 jáde. Ẹsẹ̀ 16 ni ó ní. Ó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lójú méjì, ó sì lè gbà á lójú méjì. Iná fóltì 5 kan ṣoṣo ni ó ń béèrè. Kapásítọ̀ mẹ́rin tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ìyókù.

Kapásítọ̀ dà bí ìkòkò kékeré tí ń pa iná mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣíìpù náà yóò kọ́kọ́ kún ìkòkò kan dé fóltì 5, yóò sì gbé ìdí rẹ̀ lé orí fóltì 5 mìíràn. Bí a bá gbé àpótí kan lé orí èkejì tí wọ́n jọ ga bákan náà, gíga wọn di ìlọ́po méjì. Báyìí ni 5 ṣe di 10. Lẹ́yìn èyí, yóò fi 10 náà kún ìkòkò mìíràn, yóò sì dorí rẹ̀ kodò, ohun tí ó wà ní òkè òdo yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹrù bá wà lórí wáyà, 10 yìí lè rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 8, ṣùgbọ́n kò rú òfin, nítorí 5 ni òfin béèrè.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1932, Cockcroft àti Walton ti fi ọ̀wọ́ kapásítọ̀ sọ iná di ńlá ní Cambridge láti fọ́ àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù lithium. Intersil pàápàá ti ta ṣíìpù ICL7660, tí ń yí iná òkè òdo sí ti ìsàlẹ̀, kí MAX232 tó dé. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé a kó iṣẹ́ méjèèjì, ìpèsè iná àti ìgbufọ̀, sínú ara kan. Texas Instruments àti àwọn mìíràn náà ṣe irú rẹ̀, orúkọ MAX232 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Oúnjẹ Ògbufọ̀

Síbẹ̀, ògbufọ̀ yìí ń jẹun púpọ̀. MAX232 ń gba nǹkan bí milliampere 5 sí 10, ìbáà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí bátìrì bá lè fún wa ní milliampere 2000 fún wákàtí kan, milliampere 10 yóò gbẹ ẹ́ ní wákàtí 200, èyí tí kò pé ọjọ́ 9. Ẹ̀rọ kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ògbufọ̀ nìkan ni ó jẹ ẹ́ tán.

Ní àwọn ọdún 1990, iná inú ẹ̀rọ alágbèéká rẹlẹ̀ láti fóltì 5 sí 3.3, ṣùgbọ́n òfin wáyà kò rẹlẹ̀. MAX3232 fèsì sí èyí. Ó lè ṣiṣẹ́ láti fóltì 3.0, ó ń pèsè nǹkan bí 5.5 ní ìhà méjèèjì fún lílo ara rẹ̀, kò sì gbà ju nǹkan bí milliampere 0.3 lọ bí kò bá sí ẹrù lórí wáyà. Àwọn ẹbí rẹ̀, bíi MAX3221 àti MAX3243, tún kọ́ láti sùn: bí wọ́n bá rí i pé a ti yọ wáyà, tàbí pé ẹ̀rọ òdìkejì ti kú, wọn yóò pa ara wọn, ohun tí wọ́n ń jẹ yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú 1000 milliampere. Ní ìwọ̀n yìí, bátìrì tí a ṣírò lókè yóò ti kú fúnra rẹ̀ kí ògbufọ̀ tó lè jẹ ẹ́ tán.

Pilot, kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ tí U.S. Robotics gbé jáde ní ọdún 1996, jẹ́ ẹlẹ́rìí ìgbà yìí. Bátìrì AAA méjì péré ni ó ń lò, síbẹ̀ ojú RS-232 ni ó gbà bá kọ̀ǹpútà orí tábìlì sọ̀rọ̀. Láàárín Model 100 àti Pilot, bátìrì ti dín kù sí ìdajì. Ìwọ̀n fóltì tí òfin béèrè kò yí padà.

Àríyànjiyàn

Ẹnìkan lè sọ pé USB, tí ó jáde ní ọdún 1996, ti gba oyè lọ́wọ́ RS-232, pé iMac ti ọdún 1998 tí ó gbára lé USB sì jẹ́ ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé ojú ìsopọ̀ àtijọ́ ti kúrò lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1997, lẹ́yìn tí USB ti dé, òfin náà tún gba àtúnṣe tuntun, TIA-232-F. Ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní nínú ilé-iṣẹ́ àti lára ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà: àkísà RS-232 ni àìmọye ẹ̀rọ tí ó ti wà nílẹ̀, tí ẹni tí ó ni wọ́n kò fẹ́ dànù. Okùn tí ń so USB mọ́ wọn náà gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ nínú.

Àtakò kejì lágbára jù èyí lọ: ǹjẹ́ ògbufọ̀ yìí kò fa ọwọ́ ìlọsíwájú sẹ́yìn, nígbà tí ó sọ òfin tí ó gbó di ohun tí ó rọrùn láti máa lò? A gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ ní apá kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ì bá san owó ìyípadà ojijì. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ṣíìpù. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ lánàá ni.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìtàn ẹ̀rọ kì í ṣe ìtàn àwọn tí ó gorí oyè nìkan. Láàárín òfin tí kò ṣe é yí àti bátìrì tí kò ṣe é fẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró kí ọ̀rọ̀ tó lè kọjá, olúwarẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun níwọ̀n. Bí a bá tún ń kọ irú ìtàn yìí, kí a má ṣe béèrè ohun tí ó borí nìkan. Kí a béèrè ohun tí ó ń gbufọ̀ láàárín àtijọ́ àti tuntun, àti ohun tí ìgbufọ̀ náà ń jẹ. Èrò tí a ní nìyí, a sì fi í síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa fún àtúnyẹ̀wò.