Ìkọ̀sílẹ̀ Láìjẹ Gbèsè: Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí wa nínú ẹ̀sìn, kò sí ẹni tí í so yìgì nítorí kí ó lè tú u. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kọjá àtúnṣe, tí owó kò sí, tí ọmọ sì wà nílẹ̀, kí ni ṣíṣe? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tòní.

Ní Mẹ̀dínà, ìyàwó Thabit ọmọ Qays tọ Ànábì Muhammad wá (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ó ní òun kò rí àléébù nínú ìwà tàbí ẹ̀sìn ọkọ òun, ṣùgbọ́n òun kò lè bá a gbé mọ́. Ọgbà kan ni Thabit fi san sàdáàkì rẹ̀. Ànábì bi í bóyá yóò dá ọgbà náà padà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànábì ní kí Thabit gba ọgbà rẹ̀, kí ó sì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹjọ́ parí. Èyí ni à ń pè ní khul'u. Ohun tí obìnrin náà gbà ni ó dá padà.

Ti ọmọ ńkọ́? Sayyidina Umar kọ ìyàwó rẹ̀ kan, ará Ansar, tí ó bí Asim fún un. Lọ́jọ́ kan ó rí ọmọ náà níbi tí ó ti ń ṣeré ní àgbàlá mọ́sálásí Quba, ó gbá a lápá mú, ó gbé e sórí ẹran tí ó ń gùn. Ìyá ìyá ọmọ náà lé e bá, wọ́n sì jọ ń du ọmọ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Abubakar, tí ó jẹ́ khalifa nígbà náà. Abubakar ní kí Umar fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Umar, akọni ènìyàn, kò jiyàn. Imaamu Maliki kọ ìtàn yìí sínú Muwatta, ó ní ohun tí òun náà dì mú nìyẹn. Mazhab rẹ̀ ni àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé: ọmọkùnrin ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá títí yóò fi bàlágà, ọmọbìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Bí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ìyá rẹ̀ ni ó kàn. Bùkátà ọmọ wà lọ́rùn baba, olówó ní ìwọ̀n ọrọ̀ rẹ̀, tálákà ní ìwọ̀n agbára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Súrà Talaaki ti là á sílẹ̀.

Nínú àṣà ilẹ̀ wa, baba ni ó ni ọmọ. Nígbà tí òfin 1914 fi ìdí kóòtù ìbílẹ̀ múlẹ̀, dídá owó ìdána padà ni ó gba iwájú ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ọkọ tuntun ni ó sábà ń san án. Ìgbéyàwó olófin yàtọ̀: kóòtù gíga nìkan ni ó lè tú u, pẹ̀lú lọ́yà àti ìnáwó. Òfin 1970 fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ yìgì kúrò nínú tirẹ̀. Ní Kwara, kóòtù area ń gbọ́ ẹjọ́ yìgì. Ní Ìbàdàn àti Èkó, ìgbìmọ̀ Sharia aládàáni bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ṣùgbọ́n ìfohùnṣọ̀kan tọ̀tún-tòsì ni agbára ìdájọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó olófin pọ̀ mọ́ yìgì, ìwé àlùfáà nìkan kò tú u.

Nítorí náà, ọkọ tí ń ka gbogbo ìnáwó ọdún mẹ́wàá sí obìnrin lọ́rùn kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó rántí ọgbà Thabit. Baba tí ó fẹ́ já ọmọ gbà nítorí ìbínú, kí ó rántí Umar tí kò jiyàn. Àìlówó kò sì sọ bàbá di ẹni tí kò ní ọmọ mọ́.

Kí Ọlọ́hun tún ilé wa ṣe. Àmín.