Bí Ẹ̀rọ Abẹ́ Awọ Ṣe Kọ́ Òótọ́ Sísọ

Irọ́ tí kì í pa èèyàn pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà bá purọ́ fún ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, irọ́ náà lè di ikú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ tọpasẹ̀ ẹ̀rọ pélébé kan tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lẹ̀ mọ́ apá tàbí ikùn lóde òní. Fọ́nrán tín-ín-rín kan wà nídìí rẹ̀ tó wọ abẹ́ awọ lọ. Tọ̀sán-tòru ló ń ka ṣúgà, tó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹni tó bá rí i lónìí lè rò pé olóòótọ́ ló ti jẹ́ látilẹ̀. Rárá o! Ó kọ́ ọ ni.

Ìtọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Nílẹ̀ Íńdíà láyé àtijọ́, àwọn oníṣègùn ti ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń ṣù bo ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan. Ní 1776, Matthew Dobson, dókítà kan ní Liverpool, kọ̀wé pé òun gbé ìtọ̀ aláìsàn kaná títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ohun tó sì kù nílẹ̀ dùn bíi ṣúgà. Àmọ́ ẹlẹ́rìí tó ń pẹ́ dé ni ìtọ̀. Ìgbà tí ṣúgà bá kún inú ẹ̀jẹ̀ àkúnya ló tó ń bá ìtọ̀ jáde, bó bá sì já wálẹ̀ jù, ìtọ̀ ò ní sọ nǹkan kan. Ní àárín àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Ames gbé Dextrostix jáde: èèyàn á kán ẹ̀jẹ̀ sórí rẹ̀, á sì fi àwọ̀ rẹ̀ mọ iye ṣúgà. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa gún ìka ní wákàtí-wákàtí, àní lójú oorun?

Leland Clark, ará Amẹ́ríkà, ló ṣínà. Ní 1962, òun àti Champ Lyons ṣàlàyé bí a ṣe lè fi èròjà kan tó ń jẹ́ glucose oxidase ka ṣúgà. Èròjà yìí máa ń lo ọ́síjìn bó bá kan ṣúgà. Bí ọ́síjìn bá ṣe dín kù tó, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó. Ní 1982, Motoaki Shichiri àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Osaka, nílẹ̀ Japan, ròyìn irú rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́, tó ṣeé kì bọ abẹ́ awọ.

Ní 1999, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti MiniMed. Ọjọ́ mẹ́ta ló ń lò lára, aláìsàn ò sì ní rí ohunkóhun; dókítà ló máa kà á tó bá yá. Ìwé ìròyìn àná nìyẹn. Ní 2006, ti Dexcom dé, tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè máa wò. Ṣùgbọ́n ní ìpíndọ́gba, ó máa ń fi bí 26 nínú ọgọ́rùn-ún yà kúrò lórí òótọ́. Ẹ bá mi ṣírò ó: bí ṣúgà bá jẹ́ 100, ẹ̀rọ lè pè é ní 74, ó sì lè pè é ní 126. Ìgbà mìíràn wà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti jókòó ti ìbátan mi kan lóru tí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀. Òógùn bò ó, ó ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́. Omi ṣúgà ló gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá rí irú èyí kò ní sọ pé àṣìṣe díẹ̀ ò ṣe nǹkan.

Kí ló wá ń mú ẹ̀rọ yìí purọ́? Èkíní, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń kà, omi tó wà láàárín ẹran ara ni. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dé ibẹ̀. Bí ṣúgà bá ń sáré bọ̀ wálẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti kọjá ni ẹ̀rọ ń sọ. Èkejì, ara kì í gba àlejò bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ ni ojú ibi tí a gún, àwọn ọmọ ogun ara á sì rọ́ bò ó, pàápàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, ọ́síjìn ò pọ̀ lábẹ́ awọ. Ẹ̀kẹrin ló yà mí lẹ́nu jù: paracetamol, Panadol tó wà nílé gbogbo wa yìí, máa ń tan púpọ̀ nínú wọn jẹ. Ẹ̀rọ á rò pé ṣúgà ni, á ní ṣúgà ti ga. Ẹni tó bá torí ẹ̀ gún abẹ́rẹ́ kún un, ó ti kó sí wàhálà.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Adam Heller, tí wọ́n bí nílẹ̀ Romania ní 1933, so èròjà náà mọ́ wáyà lọ́nà tí iná fi ń gba inú rẹ̀ kọjá tààrà láìdúró de ọ́síjìn. Òun àti ọmọ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ TheraSense sílẹ̀ ní 1996. Abbott rà á ní 2004. Ní 2014, FreeStyle Libre jáde ní Yúróòpù: ọjọ́ 14 lára, láìsí pé èèyàn ń gún ìka láti tọ́ ọ sọ́nà. Nǹkan ńlá ni. Ẹ̀jẹ̀ ìka ni wọ́n fi ń tọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ sọ́nà lójoojúmọ́. Bí omi ọsàn bá wà níka náà, a ti fi irọ́ kọ́ ẹ̀rọ nìyẹn.

Lọ́dún 2014 yẹn kan náà, Dexcom tún ìṣirò inú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe láìfọwọ́ kan fọ́nrán rárá, àṣìṣe sì bọ́ láti 13 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ò rí nǹkan! Fọ́nrán ti ń sọ òótọ́ tẹ́lẹ̀. Etí tó ń gbọ́ ọ ló ń ṣì í gbọ́. Ní December 2016, FDA gbà kí aláìsàn máa fi ohun tí Dexcom G5 bá sọ gún ínsúlínì láìtún gún ìka. Ní 2018, wọ́n gbé òfin tó le kalẹ̀ lórí bí irú ẹ̀rọ yìí ṣe gbọ́dọ̀ péye tó. G6 ló kọ́kọ́ yege, paracetamol tí a bá sì lò ní ìwọ̀n tó yẹ ò tan án jẹ mọ́.

Lónìí, àṣìṣe àwọn tó dáa jù wà ní bí 8 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó rẹ̀ ṣì ga ju agbára ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà lọ, ìyẹn sì ń dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in, ẹ má torí pé ó ti kọ́ òótọ́ kẹ́ ẹ sùn gbàgbé. Bí èèyàn bá sùn lé e, ó lè ní ṣúgà ti lọ sílẹ̀ nígbà tí kò lọ síbì kan. Vitamin C púpọ̀ sì ṣì lè ṣi àwọn kan lọ́nà. Bí ara yín bá ń sọ ọ̀tọ̀, tí ẹ̀rọ náà ń sọ ọ̀tọ̀, ẹ gún ìka. Ẹ̀jẹ̀ ni kó parí ẹjọ́.