Páálí Títù Kan, Láti Ìdájí Dé Alẹ́

Aago mẹ́rin ìdájí. Nínú kóòlù-rúùmù kan ní Ìjọra, l'Ékòó, páálí títù wà nínú òtútù dígírì 18 sí ìsàlẹ̀ òdo. Òkun tútù bíi ti Nọ́rwèy ni irú ẹja yìí ti ń wá. Ó le gbagidi. Aràn tó bá wà nínú rẹ̀ ti kú, nítorí ó ti pẹ́ nínú òtútù líle. Kòkòrò àìfojúrí ní tirẹ̀ kò kú tán. Omi tí ì bá lò ló di yìnyín, kò lè jẹun, kò lè pọ̀ sí i.

Aago mẹ́fà ààbọ̀. Páálí ti gba Àńtónì wọ Gbàgádà. Ìyá ẹlẹ́ja já gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì.

Aago mẹ́sàn-án. Omi pupa ń jò. Nígbà tí ẹja ń dì, yìnyín hù nínú ẹran ara rẹ̀ bí ẹ̀gún, ó gún un. Omi tó ń jáde yìí, oúnjẹ kòkòrò ni.

Aago méjìlá. Oòrùn mú. Nínú ooru báyìí, kòkòrò mìíràn ń di méjì ní ogún ìṣẹ́jú. Ní wákàtí mẹ́rin, ọ̀kan ti di 4,096. Lára títù, àwọn kan ń ṣe májèlé tó ń fa ara yíyún àti orí fífọ́. Dídín tàbí sísè kì í pa májèlé náà.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

“Ìyá, ẹja yìí ò tíì rọ̀ jù báyìí?”

“Rárá o, ọmọ mi, àárọ̀ yìí ni mo já a.”

Oníbàárà rà á, ó gbé e sínú fìríìjì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì tó rà ní ọjà Máìlì 12. Òtútù dígírì mẹ́rin tó wà nínú fìríìjì ń ba tòmátì jẹ́.  Ṣùgbọ́n kòkòrò tí wọ́n bí sínú òkun tútù, ara tù ú níbẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí ẹja omi gbígbóná tiwa, tí kòkòrò ara rẹ̀ kò fẹ́ òtútù, fi ń pẹ́ lórí yìnyín ju títù lọ.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Ìyá kó èyí tó kù padà sínú fìríìsà. Iná ọba ti lọ. Bó bá tilẹ̀ dé, ẹja á tún dì, ẹ̀gún yìnyín á tún gún un, májèlé ò ní kúrò. Owó ọjà wà lọ́rùn rẹ̀, mi ò lè ní kó dà á nù. Àárọ̀ ló yẹ kó ti ṣe é: kó fi ìdajì páálí sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kó má já a títí èyí tó wà lórí tábìlì yóò fi tán.