Ta ló sọ akẹtẹ̀ pupa di àlùkò? Ìtàn àwọ̀ lórí fọ́tò Èkó

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fà á. Ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún 2017 ni mo yà á, ọjọ́ tí Ẹ̀yọ̀ jáde nígbà àjọ̀dún àádọ́ta ọdún Ìpínlẹ̀ Èkó. Fóònù àbúrò bàbá mi ni mo fi yà á, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn. Ẹ̀yọ̀ méjì, aṣọ funfun báláú, akẹtẹ̀ pupa lórí, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́.

2/ Lọ́dún tó kọjá ni mo tún rí fọ́tò náà. Ojú ọ̀run inú rẹ̀ kàn funfun bíi bébà ni, kò dùn ún wò rárá. Mo bá gbé e sínú app. Mo fa gradient láti òkè wá sísàlẹ̀: àwọ̀ àlùkò lókè, kó máa ṣí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di àwọ̀ ọsàn nísàlẹ̀. Háà! Fọ́tò dìde. Ó wá dà bíi pósítà fíìmù. Mo gbé e síta, likes bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò.

3/ Ni mo bá gbé fóònù lọ fi han Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n wo fọ́tò náà títí. Wọ́n ní, "Agẹrẹ rèé?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Làbà ni." Wọ́n tún wò ó. "Ìwọ ọmọ yìí, Làbà kì í dé akẹtẹ̀ báyìí. Ta ló kùn ún?"

Èmi ni mo kùn ún. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

4/ Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Èkó: gbogbo Ẹ̀yọ̀ ló ń wọ funfun. Akẹtẹ̀ la fi ń dá wọn mọ̀. Nínú àwọn Ẹ̀yọ̀ òrìṣà márààrún, Adímú ló ni dúdú, Làbà ló ni pupa, Oníko ló ni yẹ́lò, Ológèdè ló ni àwọ̀ ewé, Agẹrẹ ló ni àlùkò. Ẹ fi àlùkò lé orí pupa, kí ni ẹ máa rí? Àlùkò náà ni. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi fa gradient yẹn, mo sì ti kó èèyàn méjì kúrò nínú agbo wọn lọ sínú agbo ẹlòmíì.

5/ Ó dùn mí, mi ò purọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ẹ̀: ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ń fi àwọ̀ sí fọ́tò Èkó? Mo rò pé Instagram ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Irọ́ gbuu. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

6/ Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, onífọ́tò aláwọ̀ dúdú ti wà ní Èkó tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Neils Walwin Holm wá láti Gold Coast, ó ṣí studio ní Èkó, nígbà tó yá ó tún lọ di lọ́yà. George S. A. Da Costa náà wà ńbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú The Red Book of West Africa tó jáde ní 1920. Dúdú-òun-funfun ni gbogbo wọn ń yà.

7/ Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí o, òun ló yà mí lẹ́nu jù. Gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò láyé ìgbà yẹn kì í rí àwọ̀ bí ojú wa ṣe ń rí i. Àwọ̀ búlúù máa ń wọ̀ ọ́ lára gan-an, pupa kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi máa ń funfun láìsí ìkùukùu kankan nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́. Ohun tó bá sì pupa á dúdú. Ẹ wá rò ó wò: nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, akẹtẹ̀ Làbà lè jọ ti Adímú!

8/ Ọ̀run tó ṣófo yẹn kò dùn mọ́ àwọn òyìnbó náà nínú. Ní France, láàárín 1856 sí 1857, Gustave Le Gray ń ya òkun lọ́tọ̀, ó ń ya ọ̀run lọ́tọ̀, á wá tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń pààrọ̀ ọ̀run lórí fóònù, ẹ kí bàbá yín.

9/ Lẹ́yìn 1900 ni káàdì ìkíni tó ní fọ́tò gbòde. Wọ́n á ya fọ́tò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Yúróòpù, ní pàtàkì Jámánì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ ni ẹni tí kò dé ìlú yẹn rí á ti kun àwọ̀ sí i. Lójú ọ̀run, gradient ni: búlúù lókè, á máa ṣí wálẹ̀, á wá di àwọ̀ píńkì tàbí yẹ́lò níbi tí ọ̀run ti kan omi. Aṣọ àwọn èèyàn ńkọ́? Ohun tó bá wu akunǹkan ni. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó wọ aṣọ.

10/ Nígbà tó yá, àwọn onífọ́tò tiwa náà gba búrọ́ọ̀ṣì. Solomon Alonge, tó ti kọ́ṣẹ́ ní Èkó, ṣí Ideal Photo Studio ní Benin City ní 1942, ó sì wà lára àwọn tó ń fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí fọ́tò. Ní 2014, iṣẹ́ rẹ̀ dé ilé musíọ̀mù Smithsonian ní Washington. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí: wọ́n á tẹ fọ́tò dúdú-òun-funfun sórí bébà tí kò dán, wọ́n á fi òwú ra àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀. Àwọ̀ á mọ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn orí, á sì máa ṣú lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ojú ẹni náà lè yọ.

11/ Ìyá mi àgbà ní ọ̀kan, wọ́n yà á kí wọ́n tó relé ọkọ. Wọ́n sọ fún mi pé onífọ́tò yẹn bèèrè, ó ní, "Àǹtí, àwọ̀ wo ni ìró yín?" Wọ́n sọ fún un, ó sì kùn ún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Wúrà wà lọ́rùn wọn nínú fọ́tò yẹn. Màmá rẹ́rìn-ín títí: "Wúrà wo? Owó wúrà dà nígbà yẹn? Onífọ́tò ló fi ta mí lọ́rẹ."

12/ Torí náà mi ò ní purọ́ fún yín pé ayé àtijọ́ ò parọ́. Wọ́n parọ́ dáadáa. Àmọ́ irọ́ wúrà yẹn, Màmá mọ̀ sí i, ó dùn mọ́ wọn, orí ògiri wọn ló wà. Èmi ò bi Làbà kankan léèrè.

13/ Kí ló dé tí gradient fi ń mú wa lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀? Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọ̀ ní ìwà. Funfun tutù, ti Ọbàtálá ni. Pupa gbóná, ti Ṣàngó ni. Ẹ bi àwọn aláró: ìgbà tí aṣọ bá wọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, á ṣí. Bó ṣe ń wọ̀ ọ́ sí i ló ń ṣú sí i. Tí ẹ bá to àwọn aṣọ yẹn sí ara wọn, gradient pátápátá nìyẹn, ojú á sì tutù bó ṣe ń wò ó lọ. Àwọ̀ ọsàn nísàlẹ̀ fọ́tò ń gbóná ni, búlúù lókè ń tutù, ọkàn ẹni tó ń wò ó á wà láàárín méjèèjì.

14/ Kì í ṣe dandan náà o. J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin ilẹ̀ wa ní 1968, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan irun ló yà, dúdú-òun-funfun. Kò kun nǹkan kan. Títí di òní, tí ẹ bá wo ọ̀kan, ẹ̀ẹ́ dákẹ́ díẹ̀.

15/ Photoshop dé ní 1990, Instagram dé ní 2010. Iṣẹ́ tó ń gba onífọ́tò ní ọ̀sán kan tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá ni fún wa. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: ní Lagos Island, ohun tí a ń yà kì í pẹ́ mọ́. Ilojo Bar ní Tinubu Square, ilé àwọn Àgùdà, wọ́n ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ilé ti lọ. Fọ́tò ló kù. Tó bá jẹ́ èyí tí filter ti bò mọ́lẹ̀ ló kù lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bí lónìí máa bèèrè àwọ̀ ògiri yẹn, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

16/ Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má edit o, èmi náà ò ní jáwọ́. Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Mi ò ń pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Tí mo bá fẹ́ fa gradient, mo máa ń fi mask yọ ara èèyàn, aṣọ, akẹtẹ̀ àti ògiri ilé kúrò, kó jẹ́ ojú ọ̀run nìkan ló máa bà. Tí mo bá sì gbé e síta, mo máa ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo ti fọwọ́ kàn án.

17/ Mo tún fọ́tò Ẹ̀yọ̀ yẹn ṣe bẹ́ẹ̀. Pupa padà di pupa, funfun padà di funfun. Ọ̀run nìkan ni mo fi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ àlùkò àti ọsàn. Mo gbé e padà lọ bá Bàbá Àgbà. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n, Làbà rèé."

Mo ní, "Bàbá, ọ̀run yẹn ńkọ́? Kò rí báyìí lọ́jọ́ yẹn o."

Wọ́n dá fóònù mi padà fún mi. "Ìyẹn ò ní wàhálà. Ọ̀run ò ní ìgà."

18/ Ó parí. Ẹ bá mi retweet ẹ. Tí fọ́tò àtijọ́ bá wà nílé yín, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì ṣì wà láàyè, ẹ bi wọ́n lónìí: aṣọ yìí, àwọ̀ wo ni? Kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà.