Agbára Méjì Nínú Ìjọba Kan

Àwọn àgbà wí pé àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Síbẹ̀, òfin ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1958 pín àkóso láàrin ààrẹ àti olórí àwọn mínísítà. Irú nkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin ni ó ni adé, ṣùgbọ́n Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí nyan ọba. Bí nwọ́n bá kọ ọba, kíkú ni yíò kú. Láti ọdún 1754 ni Baṣọ̀run Gáà ti fi àṣẹ yí ṣe ohun ìjà, tí ọba lẹ́hìn ọba fi nkú, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774.

Ní 1962, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kúrò ní ipò Olórí Ìjọba, nítorí ìwé tí púpọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin fọwọ́ sí. Akíntọ́lá kọ̀, ó ní kò sí ìdìbò nínú ilé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì gba àkóso. Ní 1963, àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ndọ̀n dá Gómìnà láre. Ṣùgbọ́n a yí òfin padà, ìdájọ́ náà sì di asán.

Nítorínà, kí a kọ ààlà sínú ìwé nìkan kò tó. Ẹni tí ìdájọ́ bá dá lẹ́bi gbọ́dọ̀ lè gbà á; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, koto náà yíò fọ́, omi yíò sì dànù.